Ẹ Jẹ́ Kí Òùngbẹ Gbẹ Òdòdó Mi

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí àwọn ará àdúgbò mi ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òdòdó mi. N kò bẹ̀ yín lówó. N kò ní kí ẹ bá mi tu koríko ìdí rẹ̀, n kò sì ní kí ẹ bá mi lé ewúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ yín ni. Kí ẹ ṣáà máa wò ó bí oòrùn ṣe ń pa á, kí ẹ káàánú rẹ̀ nínú ọkàn yín, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ yín kò ju kí ẹ má ṣe nǹkan kan lọ, òun gan-an ni kò sì sẹ́ni tó rí i ṣe nínú yín.

Bùgẹnfílíà ni òdòdó náà. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n lójú: igi ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gun ògiri, tí orí rẹ̀ máa ń pọ́n yòò tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò, tó pọ̀ lára ọgbà ilé ìjọba àtijọ́ àti lẹ́nu géètì àwọn ilé ìwé ńlá. Funfun wà, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ọsàn tó pọ́n náà wà. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń to fúláwà sínú nàílọ́ọ̀nù dúdú lẹ́bàá títì ní Adó, aláwọ̀ àlùkò ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí n gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń mú jù lọ, kí n rọra gbé e kúrò nínú nàílọ́ọ̀nù nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ yẹ òun wò, kí n bomi rin ín dáadáa títí yóò fi mú ilẹ̀, lẹ́yìn náà kí n jáwọ́ lára rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìmọ̀ràn náà. N kò rí nǹkan mìíràn tí wọ́n tà fún mi rí ní ayé yìí tí wọ́n ní kí n jáwọ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ló bá sọ̀rọ̀, kò bá àdúgbò sọ̀rọ̀.

Kí n ṣàlàyé ìwà igi yìí, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìkà ni mò ń ṣe. Ohun tó ń pọ́n lára rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní òdòdó, ewé ni. Ewé mẹ́ta ló ń para dà, tí wọ́n fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì gbẹ bíi bébà. Òdòdó gidi wà láàárín wọn, tín-ín-rín, funfun, mẹ́ta náà ni, ẹni tí kò bá tẹ̀ ba kò lè rí i. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí omi pọ̀, igi náà á gbàgbé ọ̀ràn àwọ̀. Á máa na apá, á máa yọ ẹ̀gún, á máa rúwé. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọ̀sán kúrú díẹ̀ sí òru, tí ìyà fẹ́ máa jẹ ẹ́, ìgbà náà ló tó máa rántí pé òun ní nǹkan láti fi han aráyé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìgbà kan náà ni méjèèjì ń bọ́ sí. Láti bí i Oṣù Kọkànlá títí wọ Oṣù Kẹta, òjò ti lọ, ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti là, ọ̀sán ti kúrú. Ká ní ẹnì kan jókòó láti ṣètò ibi tí bùgẹnfílíà yóò ti tanná láìná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, gúúsù Èkìtì ni ì bá yàn. Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Ó ku àwọn ará àdúgbò.

Nítorí ìgbà kan náà yìí ni àánú máa ń gun àwọn èèyàn mi. Wọ́n á rí i tí ewé rẹ̀ ń rọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á mi orí. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni olórí wọn. Obìnrin dáadáa ni, kò sí oúnjẹ tí wọ́n máa sè nílé rẹ̀ tí kò ní bù wá. Òun ló kọ́kọ́ ké sí mi.

“Tísà, ẹ ṣàánú igi yìí o. Ẹ ò rí bó ṣe ń sorí kọ́?”

“Ìyá, kò sorí kọ́. Ó fẹ́ tanná ni.”

“Háà, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ohun tí òùngbẹ ń gbẹ, ẹ ní ó fẹ́ tanná. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ó tanná ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo jí bá ìdí igi mi tó tutù, tó funfun, tó ń rùn. Omíkan ni. Omi orí ògì tó ti kan, tó yẹ kí àwọn tó ń se àgbo wá gbà lọ, ló gbé wá dà síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ má ṣe é mọ́. Ó ní kí n má dúpẹ́, pé a kì í dúpẹ́ ara ẹni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa kí ó má ṣe é mọ́, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí jù. Kì í ṣe ìlú tí omi pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe èyí o. Ìkẹ̀rẹ́ ni. Abẹ́ òkè la wà. Olósùnta ń wò wá láti ọ̀tún, Òròlé ń wò wá láti òsì, àpáta tó wà lókè náà ló wà nísàlẹ̀. Agbẹ́kànga á gbẹ́ díẹ̀, ṣọ́bìrì á dún gbàù, á jáde, á nu ara, á ní kí a wá owó kún owó. Tí Oṣù Kejì bá dé, kànga tó wà lẹ́yìn ilé mi a máa fi ìsàlẹ̀ han èèyàn láìtijú. Ìgbà náà la óò máa ra omi lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó kẹ́ẹ̀gì kiri. Ojoojúmọ́ ni iye owó kẹ́ẹ̀gì kan ń gòkè, kò sì sí ẹni tó lè bá ọmọlanke jà, nítorí pé bó bá yí taya rẹ̀ padà, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ.

Àwọn ìbátan mi tó wà ní Èkó kì í gbà pé a kò lómi. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tí ìsédò ńlá wà lọ́dọ̀ yín, Ikere Gorge!” Ìsédò yẹn, ẹ̀yin ará mi, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ló wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́tà nìkan la jọ pín, a kò pín omi.

Nínú irú ìlú yìí, nínú irú oṣù yẹn, ni ìyàwó mi ti ń ṣe ìtọ́jú òdòdó náà. Ọmọ Èmùré ni, iyán kì í kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá gún un tán, á ṣan odó, á ṣan ọmọ odó, á gbé omi ìṣanwọ́, omi tó fi fọ iṣu, omi tó fi fọ àwo, á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì wọ́ tọ ìdí bùgẹnfílíà lọ. Mo ní, “Ìyàwó mi, má da omi síbẹ̀ mọ́.” Ó ní, “Ṣé kí n dà á sórí yín ni?” Mo ṣàlàyé fún un, bí mo ṣe ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà lókè yìí, nípa ewé mẹ́ta àti òdòdó mẹ́ta, nípa ọ̀sán tó kúrú. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní omi tí òun dà kì í ṣe omi, pé omi ìdọ̀tí ni, àti pé tí igi bá lè yàtọ̀ sí ara rẹ̀ nítorí omi ìṣanwọ́, a jẹ́ pé igi náà kò ní láárí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi tó ń sin adìẹ ní Ìsẹ̀ ló bà á jẹ́ pátápátá. Bàbá náà fẹ́ràn mi. Ó gbọ́ pé mo ń gbin nǹkan, inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wò mí gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Ó gbé àpò ìgbẹ́ adìẹ wá fún mi lórí ọ̀kadà, láti Ìsẹ̀, nínú oòrùn. Àna ni. Ọ̀nà wo lèèyàn fi ń dá ìgbẹ́ àna padà? Kí n tó wá bí mo ṣe máa fi tọgbọ́n tọgbọ́n gbé e pamọ́, ó ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ó ti wa ìdí igi náà, ó ti rọ gbogbo rẹ̀ sí i, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Omi tí mo rà.

Ìgbẹ́ adìẹ dára fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó dára fún àgbàdo, ó dára fún ohunkóhun tí a bá fẹ́ kí ó rúwé. Mo ti sọ fún yín pé ewé ni bùgẹnfílíà máa ń sá lọ bá bí ayé bá ti dẹrùn fún un. Ẹ̀ẹ̀rùn náà já, igi mi gun ògiri, ó kan páànù, ó fẹ́ wọ inú àjà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó fi ẹ̀gún ya aṣọ tí mo fẹ́ wọ lọ síbi ìnáwó. Àwọ̀ àlùkò? Kò sí. Ó tutù yọ̀yọ̀ láti òkè délẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí mi. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà! Ẹ kú ìtọ́jú! Ó gbà á o!” Mo ń dáhùn, mo ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀fọ̀ ṣẹ èèyàn, wọ́n ń kí i kú oríire.

N kò tíì mẹ́nu ba ìbéèrè o. Gbogbo ilẹ̀ tí èèyàn bá ní láyìíká ibí, ó ní ohun tí ó ń ṣe. Tí o bá gba Ìsẹ̀ kọjá lọ sí Èmùré, kòkó lo máa rí, àti obì, àti ẹ̀gẹ́, àti ebè iṣu. Igi tí a kò jẹ èso rẹ̀, tí a kò jẹ ewé rẹ̀, tí a kò lè fi dáná, tí a kò lè fi kọ́ ilé, ó gbọ́dọ̀ dúró kí ó sọ ohun tó wá ṣe láyé. Àwọn èèyàn á dúró lẹ́nu géètì mi, wọ́n á béèrè.

“Tísà, kí ni èyí máa ń so?”

“Kò so nǹkan kan tí a lè jẹ.”

“Ewé rẹ̀ ńkọ́?”

“Wọn kì í jẹ ẹ́.”

“Àgbo wo ni wọ́n ń fi ṣe?”

“Fún ojú ni. Kí ojú lè rí i.”

Wọ́n á wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wo ilé mi, wọ́n á béèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì mi ti ń wọlé déédéé.

Ìyá ìyàwó mi kò béèrè rárá. Ó wá kí wa láti Èmùré, ó dúró níwájú igi náà pẹ́, ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, ewúro ì bá ti dára níbí yìí o.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ìgbà tó fi máa padà, ó ti ki ẹ̀ka ewúro mẹ́rin bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùgẹnfílíà, ó ti fi pákó ṣe ààbò fún un, ó sì ti pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́ títí yóò fi mú. Gbogbo omi tó ń lọ sí ìdí ewúro náà, gbòǹgbò bùgẹnfílíà ti ń dúró dè é lábẹ́ ilẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹ fi ọkùnrin kan hàn mí láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Èmùré tó hú ewúro ìyá ìyàwó rẹ̀ dànù tó ṣì ń sùn nínú yàrá.

Mo gbìyànjú láti fi ìran igi náà gbè é lẹ́sẹ̀ níwájú ìyá yìí. Mo sọ fún un pé ó ní ìbátan níbí, pé àwọn onímọ̀ nípa ewéko ti to òun àti ètìpọ́nlá àti tannápoṣó sínú ẹbí kan náà. Òótọ́ ni. Ètìpọ́nlá tó ń rá nílẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ wa, tí àwọn eléwé ọmọ ń tà, ọmọ ìyá bùgẹnfílíà ni. Tannápoṣó tó ń ya ẹnu ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ní iṣu lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè pa, ọmọ ìyá wọn ni. Mo rò pé mo ti borí. Ìyá náà sì ní: “Ètìpọ́nlá ń ṣiṣẹ́. Tannápoṣó ń ṣiṣẹ́. Nínú ọmọ mẹ́ta, ẹ wá lọ mú ọ̀lẹ wálé.”

Àti pé ta ni yóò gbà pé òdòdó níye lórí, nígbà tí jogbo wà? Ẹ kàn gba títì kọjá nígbà tí òjò bá ń dáwọ́ dúró, ní Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá. Jogbo tí àwọn kan ń pè ní agbálẹ̀ ti yọ òdòdó olómi ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ọ̀tún ní òsì, ó ga ju èèyàn lọ. Kò sí ẹni tó gbìn ín. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ni òun náà ti wá, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló ń so. Kò sí ẹni tó gbé omíkan lọ fún un. Àwọn àgbẹ̀ ń gé e, ó ń hù; wọ́n ń sun ún, ó ń hù. Mo máa ń wo jogbo láti ojú fèrèsé mọ́tò, ìlara rẹ̀ a sì máa pa mí.

Bí ọkàn mi bá bàjẹ́ tó báyìí, obìnrin kan ni mo máa ń rántí, Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀, ará Faransé. Ní 1766, ọ̀gágun ojú omi kan tó ń jẹ́ Louis-Antoine de Bougainville gbéra láti yí ayé po. Dókítà kan tó mọ̀ nípa ewéko wà nínú ìrìn àjò náà, Philibert Commerson, ara rẹ̀ kò sì le. Ẹsẹ̀ ń dà á láàmú. Obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ogun Faransé nígbà náà, nítorí náà Baret fi aṣọ di àyà rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin lòun. Òun ló ń gun òkè, òun ló ń gbé ẹrù, ìbọn, oúnjẹ àti ewé tí wọ́n já. Wọ́n dé Rio de Janeiro ní Brazil ní 1767, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí igi ẹlẹ́gùn-ún aláwọ̀ àlùkò yìí. Ní 1768, àṣírí tú ní Tàhítì pé obìnrin ni.

Ta ni wọ́n wá fi orúkọ igi náà dá lọ́lá? Ọ̀gá ọkọ̀. Bougainville. Ẹni tí kò já ewé kan. Títí ayé ni gbogbo ẹni tó bá pe òdòdó ẹnu géètì mi yóò máa kí ọ̀gágun tó jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n fún Baret ní owó ìfẹ̀yìntì ní 1785, igba owó livre lọ́dún, mo sì ń gbàdúrà pé kí ó máa wọlé déédéé ju tèmi lọ. Ọdún 2012 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko kan, Solanum baretiae, èyí tó jẹ́ ìbátan ìkàn tí à ń jẹ. Ìyá ìyàwó mi ì bá fara mọ́ ìyẹn.

Ìkẹ̀rẹ́ náà kò sì ṣàì mọ bí nǹkan ṣe máa ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú mìíràn. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ọgọ̀gà, ọba wa, tí ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Ambrose sí nínú ohun tí wọ́n fi ń gbé e lórí, tí ọba jókòó tí ó ń dúró dè é, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924. British Museum ló bá lọ, ibẹ̀ ló sì wà. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, igi Brazil wà ní ẹnu ọ̀nà mi. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló jèrè níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo máa ń gbóríyìn fún wọn lé lórí. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omíkan sí ilẹ̀kùn náà lára.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gún kò dí ewúrẹ́ lọ́wọ́. Ó máa ń fi ètè rẹ̀ yọ ewé láàárín ẹ̀gún bí ẹni tó ń yọ owó nínú àpò onímọ́tò. Àwọn tó ni wọ́n á ní, “Tísà, ẹ má bínú, ewúrẹ́ ni, kò mọ̀wé.” Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo wọn, ewúrẹ́ nìkan ló mọ iṣẹ́ náà. Orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó máa ń yọ sí. Tí a bá gé ògbólógbòó, tuntun á hù, àwọ̀ á tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ ń gé e láìgba owó. Ìgbà tí tuntun bá sì fẹ́ pọ́n, á tún padà wá gé e.

Ọdún kan wà tí òdòdó náà tanná. Kì í ṣe pé mo ṣe nǹkan kan. Èmi àti ìyàwó mi lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ ọmọ wa ní Ìbàdàn, ọmọ náà kò jẹ́ ká tètè padà, a sì ti ti géètì. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò rọ́nà wọlé. Odó kò sí nítòsí. Ewúro ìyá ìyàwó mi gbẹ títí ó fi kú, kí n má purọ́, n kò sọkún. Nígbà tí a máa dé nínú ọyẹ́, ògiri ilé mi ti di àlùkò láti ìpìlẹ̀ dé páànù, ọlọ́kadà tó gbé wa wá dúró, ó ní ṣé ilé yìí náà ni.

Ẹ rò pé wọ́n á gbà fún mi? Ìyá Ẹlẹ́kọ ní omíkan òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bàbá tó wà ní Ìsẹ̀ ní ìgbẹ́ adìẹ a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó jà. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn wo odó, ó wò mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ya fọ́tò, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó wá já a láìtọrọ, ọ̀kan nínú wọn ní kí n kúrò níwájú ògiri, pé mo ń ba fọ́tò jẹ́. Gbogbo wọn ló ń béèrè ohun tí mo ṣe. Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní ahun ni mí, pé n kò fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn.

Ìpàdé àdúgbò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò sì tíì tán tí wọ́n ti fẹnu kò pé igi tó ṣe irú iṣẹ́ báyìí nínú ọ̀dá, ó yẹ kí wọ́n fún un lómi.

Ìyẹn ni mo fi kọ pátákó. Mo ra ọ̀dà, mo wá pákó, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ DA OMI SÍ ÌDÍ IGI YÌÍ. Mo fi aṣọ pupa kékeré kan so ó mọ́ ẹ̀ka, nítorí pé okùn tán nílé. Mo wọlé lọ sùn.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aṣọ pupa lára igi túmọ̀ sí lójú ará Èkìtì. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ó ti dé ọjà pé Tísà ti so àálè. Àwọn kan ní ẹni tó bá da omi síbẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò gbẹ. Àwọn mìíràn ní mo lọ gbà á ní ìlú kan tí wọn kò fẹ́ dárúkọ. Ọmọ ọmọlanke kò wọlé mọ́. Oríta ló ń já kẹ́ẹ̀gì wa sí, ìyàwó mi ló ń rù wọ́n wálé, ohun tó ń sọ bó ṣe ń rù wọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ń kí mi láti ọ̀nà jíjìn, ó ń kúnlẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ewúrẹ́ pàápàá, wọ́n so ó mọ́lẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, n kò tú u fún wọn. Mo jókòó sábẹ́ ìgànnà mi ní ìrọ̀lẹ́, ìdí igi mi gbẹ táútáú, ilẹ̀ là, ẹ̀ka tuntun sì ti ń yọ orí pupa pupa. N kò rí irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, agogo jí mi ní ìdájí. Mo yọjú. Ẹgbẹ́ aládùúrà kan ló kún inú ọgbà mi, wọ́n wọ funfun, wọ́n yí bùgẹnfílíà ká, àbẹ́là ń jó. Ìyàwó mi ló ṣí géètì fún wọn. Ẹni tó ṣáájú wọn ní Ẹ̀mí ti fi han àwọn pé ìdè wà lórí igi yìí, àti pé omi àdúrà nìkan ló lè tú u. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń yí po, wọ́n ń da omi, garawa lórí garawa. Ìyá Ẹlẹ́kọ wà níwájú, ó wọ sùtánà, omijé ayọ̀ ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń da tirẹ̀. Ìdí igi mi ti di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ti di àbàtà.

Mo ní, “Ìyá, nínú ọ̀dá yìí, tí kànga gbogbo wa ti gbẹ, níbo lẹ ti rí omi tó pọ̀ tó báyìí?”

“Ẹ má da ara yín láàmú, Tísà,” ni Ìyá Ẹlẹ́kọ wí, ó sì tún gbé garawa rẹ̀. “Inú dírọ́ọ̀mù yín ni a ti ń bù ú.”